Òórùn Fẹ́tífà Tó Wọ Ilé Jùmọ̀kẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo rí bí inú yín ṣe dùn nígbà tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ arọ tì mí wọlé, ẹ sì rò pé ẹ̀rí ìwòsàn ni mo fẹ́ jẹ́. Ara mi kò yá o. Dókítà ti ní kí n máa jẹ ohunkóhun tó bá wù mí, ẹ̀yin náà sì mọ ìgbà tí dókítà máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn. Ẹ̀rí kan wà tí wọ́n ń jẹ́ lórí pẹpẹ yìí lọ́dọọdún, tí gbogbo yín máa ń dìde dúró tí ẹ ó hó yèè sí. Ẹ̀rí yẹn ni mo wá gbà padà lọ́wọ́ yín lónìí, kí n tó di ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Pásítọ̀ Gbólúwaga, ẹ jẹ́ kí gbohùngbohùn yìí wà lọ́wọ́ mi títí n ó fi sọ tán. Bí ẹ bá rí i tí mo dákẹ́, mo fẹ́ mí ni, mi ò tíì parí.

Ẹ̀rí Jùmọ̀kẹ́ ìyàwó mi ni mò ń wí. Ẹ ti gbọ́ ọ débi pé àwọn ọmọ yín lè kà á lórí. Ọládélé ọkọ rẹ̀ kú, ó fẹ́ padà sílé, ó bẹ Olúwa pé kí Ó fún òun ní àmì bó bá fẹ́ kí òun dúró ní Dublin. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ní Hartstown, òórùn ọkọ rẹ̀ tó ti kú sì gba gbogbo ilé kan, láti orí àtẹ̀gùn títí dé pálọ̀. Ó dúró. Àwọn kan nínú yín ti fi ẹ̀rí yẹn gbé ìgbàgbọ́ tiwọn ró, mo mọ̀ wọ́n, mo rí wọn lójú níbi tí mo jókòó yìí. Ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe Ọlọ́run ló ṣe é. Èmi Adélàjà onígbàjámọ̀ ni mo ṣe é, pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí mo ti fá irùngbọ̀n yín ní Parnell Street mọ̀ pé imú mi ni ìgbéraga mi. Ṣọ́ọ̀bù mi wà láàrin ẹni tó ń tún fóònù ṣe àti ẹni tó ń ta iṣu àti wìígì, síbẹ̀ ẹni tó bá wọlé, kó tó kí mi ni n ó ti sọ ohun tó fi pa ojú lẹ́yìn tó fárùngbọ̀n. Nínú gbogbo òórùn tí wọ́n ń rọ sínú áfítàṣéèfù fún ọkùnrin, fẹ́tífà ni mo fẹ́ràn jù. Koríko ni, gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n ń sè kí òróró tó jáde. Òórùn rẹ̀ dà bí ti ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ṣùgbọ́n fẹ́tífà ju fẹ́tífà lọ. Èyí tó ti Háítì wá mọ́ tónítóní, ó korò díẹ̀ bí èèpo ọsàn. Ti erékùṣù Jáfà ní èéfín nínú, bí ẹja tó pẹ́ lórí ààrò. Èyí tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, orúkọ fẹ́tífà ló wà lára ìgò, ọṣẹ ìfọlẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì pò ó mọ́ ọṣẹ ìfárùngbọ̀n, ó tún di nǹkan mìíràn: omi gbígbóná á jẹ́ kó tú yááyáá, àmọ́ bí ojú bá ti gbẹ, ó ti lọ; ti áfítàṣéèfù ló máa ń bá ènìyàn dalẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn oníbàárà mi a máa na ọrùn ọwọ́ sí mi, wọ́n á ní, "Bùọ̀dá Làjà, èwo ló dáa jù?" Èmi á ní, "Èwo ni ìyàwó rẹ kò tíì bú?" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe wà nìyẹn, mo fẹ́ràn kí wọ́n máa bi mí léèrè.

Ọládélé wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ẹni pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Òun ló bí Dárasími fún Jùmọ̀kẹ́. Ọwọ́ mi ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fá irùngbọ̀n láìjẹ́ kí ojú sú. Ọjọ́ tó kú, ó ti gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ sí gáréèjì tán, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwàdà lọ́wọ́ ni ó ṣubú, ọkàn rẹ̀ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Èmi ni mo fá irùngbọ̀n rẹ̀ kẹ́yìn kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sínú pósí. Mo sunkún ọjọ́ náà, ẹkún òótọ́ ni. Ẹ má rò pé mo ti ń wo ìyàwó rẹ̀ láti ìgbà yẹn. N kò wò ó. Ẹ̀ṣẹ̀ mi tó mi, ẹ má ṣe bá mi fi kún un.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Jùmọ̀kẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Ajé kan tí n kò ní oníbàárà. Ó fa ìgò áfítàṣéèfù kan yọ nínú báàgì, ìgò náà ti gbẹ. Ó ní, "Bùọ̀dá Làjà, ẹ bá mi gbóòórùn èyí. Òórùn bàbá Dárasími ti tán lára ìrọ̀rí. Mo ra irú ìgò yìí, kì í ṣe òun. Ṣé wọ́n ti yí i padà ni, àbí imú mi ló kú?" Mo ní kó jókòó. Láti ọjọ́ yẹn, ọjọ́ Ajé di tiwa. Caleb, ọmọ Áíríṣì tó ń ta ohun èlò ìfárùngbọ̀n fún mi, a máa kó ìgò kéékèèké wá fún mi dán wò. "Try that yoke there, Làjà, it's grand stuff," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, pé kí n dán nǹkan náà wò, ó dáa gan-an. Mo máa ń kán an sórí tówẹ́ẹ̀lì gbígbóná, n ó sì nà án sí Jùmọ̀kẹ́. Á di ojú rẹ̀. "Eléyìí le jù." "Eléyìí dà bí olówó tó ń yangàn." Ìgbà kan, ó ní, "Eléyìí jọ Délé, àfi bíi pé ó ń bínú sí mi." Ó rẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti yí. Ọjọ́ Ajé kì í tètè pé mọ́ lójú mi.

Mo wá rí i nígbẹ̀yìn. Òórùn Ọládélé kò sí nínú ìgò kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí kò fi rí i rà. Ọládélé máa ń fi ọṣẹ oní-fẹ́tífà tí wọ́n ń ṣe ní Ìtálì fá irùngbọ̀n, èyí tó ní èéfín. Á wá fi áfítàṣéèfù ti Faransé, èyí tó korò bí èèpo ọsàn, pa á. Àti nítorí pé òtútù ìlú yìí máa ń la ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, á fi òrí díẹ̀ kún un. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún un pé kó máa fi òrí kún un, mo sì ti gbàgbé. Ọjọ́ tí mo rántí, mo dá wà. Mo ho ọṣẹ náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mo fá a, mo fi áfítàṣéèfù pa á, mo fi òrí ra á. Kíá ni Ọládélé dúró sínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó yẹ kí n gbé fóònù kí n pè é pé, "Jùmọ̀kẹ́, máa bọ̀, mo ti rí i." Ohun tí mo rò ni pé bí mo bá fún un, á dúpẹ́, á sì lọ, kò sì ní sí ọjọ́ Ajé mọ́. Nígbà tó dé, mo mi orí. Mo ní, "Mi ò tíì rí i o. Ó dà bíi pé kò sí ẹni tó lè pò ó mọ́." Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó kéré lójú mi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá rẹ̀, Màmá Hàbíbátù, ní Ìṣẹ́yìn. Apá kan ara kú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kú. Mùtàlíbù, ẹ̀gbọ́n Jùmọ̀kẹ́, pè é pé màmá kò gbà kí ìyàwó ilé kankan wẹ òun, pé ọwọ́ ọmọ òun obìnrin ni òun fẹ́ kí omi ti kan òun lára. Ta ni kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún wa? Jùmọ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó sọ níbi iṣẹ́, ní ilé ìtọ́jú arúgbó, pé òun ń lọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ayé, ìyá òyìnbó ló ń wẹ̀ nígbà tí ìyá tirẹ̀ jókòó láìwẹ̀. Dárasími ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ lọ, ọmọ tó dàgbà síbí, iléèwé rẹ̀ kò tíì tán, ó ń sunkún lójoojúmọ́. Jùmọ̀kẹ́ wà láàrin méjì. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Bùọ̀dá Làjà, ẹ bá mi fi àdúrà kún un. Mo ti sọ fún Olúwa pé bó bá fẹ́ kí n dúró, kó ṣe ohun tí ènìyàn kankan ò lè ṣe, kí n fi mọ̀ pé Òun ni." Mo dá a lóhùn pé, "Á dá ọ lóhùn." Ẹ̀yin ará, bí mo ṣe ń ṣe àmín yẹn, ọṣẹ náà wà nínú dúróòwá lẹ́yìn mi.

Bọ́ílà tó ń mú omi ilé rẹ̀ gbóná bàjẹ́, ó sì ní iṣẹ́ lọ́jọ́ tí alátùn-ún-ṣe fẹ́ wá. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ pé kí n bá òun ṣílẹ̀kùn. N kò ní purọ́ fún yín pé èṣù ló tì mí lójijì. Láti ilé ni mo ti di ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì, ìgò àti òrí sínú báàgì. Alátùn-ún-ṣe tún bọ́ílà ṣe, ó lọ, omi ń gbóná. Mo gòkè lọ sí ilé ìwẹ̀. Òórùn yẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè wọ́n sára kọ́tìnnì lásán. Ó gbọ́dọ̀ gba inú omi gbígbóná àti ara ènìyàn kó tó pé. Nítorí náà, mo dúró níwájú dígí Ọládélé, mo sì fá irùngbọ̀n mi níbẹ̀. Mo ho ọṣẹ náà títí ooru fi bo dígí, mo ṣí ilẹ̀kùn kó lè jáde. Mo fi áfítàṣéèfù pa ojú, mo fi òrí ra á, mo wá rọra ń rìn káàkiri ilé olóògbé, nínú yàrá rẹ̀, lórí àtẹ̀gùn rẹ̀, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀yìn àga tó máa ń jókòó sí. Mo rántí pé mo nu dígí náà kí n tó lọ, mo sì rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Ojú olè ni. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì tún lọ fọ àwo ìfọwọ́ kí ọṣẹ má bàa ṣẹ́kù síbẹ̀.

Mo ti délé, mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ ojú mi, nígbà tí fóònù dún. Ariwo Jùmọ̀kẹ́ ni. Nígbà tí mo débẹ̀, ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Dárasími sì dì mọ́ irin àtẹ̀gùn. "Mammy, that's Daddy. I swear to God, that's him." Ọmọ náà ń wọ yàrá dé yàrá, ó ń ṣílẹ̀kùn, bíi pé ẹnìkan sá pamọ́ síbẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ di aṣọ mi mú. "Ẹ̀yin tí ẹ ní imú, ẹ gbóòórùn! Ṣé òun kọ́ nìyẹn?" Ààyè ṣì wà fún mi níbẹ̀. Mo gbé imú sókè, mo ṣe bí ẹni ń wá a, mo ní, "Òun ni. Ṣé o rántí pé mo wá a títí, mi ò rí i pò? Kò sí ènìyàn tó lè ṣe èyí." Irọ́ kékeré ti àkọ́kọ́ ló wá di ẹlẹ́rìí fún ńlá. Bí mo bá ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé mo rí i, èmi ni ì bá kọ́kọ́ fura sí.

Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù kò tíì dé. Lójú ẹsẹ̀ ló pe ìyá rẹ̀, ó tan fóònù síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ní, "Màámi, Olúwa ti sọ̀rọ̀. Ó ní kí n dúró díẹ̀ ná." Mo ń gbọ́ bí àwọn adìyẹ ṣe ń ké lẹ́yìn ìyá náà ní Ìṣẹ́yìn. Ó wá ní, "Ṣé Ọlọ́run ló sọ ọ́?" Jùmọ̀kẹ́ ní, "Òun ni, Màámi." Ìyá ní, "Alihamudulilahi. Ta ni èmi tí n ó bá A jà? Dúró, ọmọ mi. Ọlọ́run tó ní kí o dúró, Òun náà ni yóò wẹ̀ mí." Lẹ́yìn náà, ó béèrè pé, "Ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ?" Mo ní, "Adélàjà ni, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́, ara yín á le." Ó ní, "Adélàjà, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ o. Kò ní ẹlòmíràn níbẹ̀." Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú fóònù, ẹ gbà mí gbọ́, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ì bá yọ ìyá yẹn nínú ìyà, ó wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ nílé, Màmá Hàbíbátù ti kú. Mùtàlíbù sọ fún wa pé lọ́jọ́ ìkẹyìn, wọ́n gbé omi wá, ó ní kí wọ́n gbé e dúró ná, pé Jùmọ̀kẹ́ ti wà lọ́nà. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn. Orí fóònù ni ọmọ rẹ̀ ti rí i bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ. Ó fi orí lé èjìká mi, ó ní, "Bí kì í bá ṣe pé Olúwa fúnra Rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, Bùọ̀dá Làjà, ǹ bá ti ya wèrè." Ẹ gbọ́ ọ? Irọ́ mi ló di ọ̀pá tó fi ń rìn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Bí mo ṣe ń tan ara mi jẹ nìyẹn. Mo fẹ́ ẹ, ẹ̀yin lẹ so wá pọ̀. Mo tọ́jú rẹ̀, mo tọ́ Dárasími bí ọmọ bíbí inú mi, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ọdọọdún ló sì ń bọ́ síbí yìí láti jẹ́rìí, èmi á jókòó sí ìlà iwájú, n ó máa pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú yín. Láti ọjọ́ náà, fẹ́tífà kò kan ojú mi mọ́. Bí oníbàárà bá béèrè rẹ̀, mo máa ń ní ó ti tán.

Ǹ bá gbé e lọ sínú ibojì, bí kì í bá ṣe ohun tí mo rí. Nígbà tí àìsàn yìí dá mi dùbúlẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé Jùmọ̀kẹ́ máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá láràárọ̀, á gbé imú sókè, á dúró, á tún lọ. Mo bi í pé kí ló ń wá. Ojú tì í díẹ̀. Ó ní, "Mo bẹ Olúwa pé bí ẹ ó bá yè, kó jẹ́ kí òórùn yẹn padà wá." Ẹ̀yin ará, obìnrin yìí ń gbóòórùn afẹ́fẹ́ láti mọ̀ bóyá n ó kú. Ó sì ń wẹ̀ mí. Ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ ń retí títí tí omi fi tutù, ara mi ni ọwọ́ náà ń fọ̀. N kò lè fara dà á mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ń ká aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lọ́wọ́. Ó ká a tán. Ó ní, "Nígbà tí Màámi ní kẹ́ ẹ bá òun tọ́jú mi, ṣé ẹ ti ṣe é tán?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ‘ẹ’ ló máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀, kì í pè mí ní ‘ìwọ’. Ọjọ́ yẹn, ó wò mí, ó ní, "Ìwọ Adélàjà. Bó bá jẹ́ ti ìgbéyàwó ni, n ó sunkún, yóò tán. Ṣùgbọ́n ẹnu mi yìí ni mo fi sọ fún ìyá mi pé Ọlọ́run ló ní kí n má wá. Irọ́ rẹ ni mo pa fún un kó tó kú. Ìdáríjì ìyẹn kò sí lọ́wọ́ mi, n kò lè fún ọ ní ohun tí kì í ṣe tèmi. Lọ síbi tí mo ti ń jẹ́rìí, kí o fi ẹnu ara rẹ kó o kúrò nílẹ̀." Lẹ́yìn náà, ó lọ bu omi, ó dán an wò bóyá kò gbóná jù, ó sì wẹ̀ mí. Dárasími kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní, òun ló wa mọ́tò gbé mi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ballymun yìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ràn ènìyàn, ẹ lọ sọ fún un lójúkojú. Bó bá kọ̀, kó kọ̀, ìtìjú kì í pa ènìyàn. Ẹ̀rù pé ó lè kọ̀ mí ló sọ mí di ẹni tó ń ṣe bí Ọlọ́run. Ẹni tó bá sì sọ àṣírí àdúrà rẹ̀ fún yín, ẹ bá a gbàdúrà náà, kí ẹ má bá a dáhùn rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, mo mọ àṣà wa. Bí ìsìn bá parí, ẹ ó yí Jùmọ̀kẹ́ ká, ẹ ó ní kó fiyè dénú, pé ẹni tó ń kú lọ ni, pé nítorí tiyín kó gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ má fipá mú un. Ó ti ṣe ju ohun tó yẹ kó ṣe fún mi lọ. Ẹni tí mo jẹ ní ẹ̀bẹ̀ kò sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, kò tilẹ̀ wọ irú ilé báyìí rí láyé rẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá òkú Ìṣẹ́yìn a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ láti Ballymun. Ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Màmá Hàbíbátù, Adélàjà ni, mà. Ẹ gbà pé mo dọ̀bálẹ̀ níwájú yín, ara mi kò gbà á mọ́. Ọmọ yín kò kọ̀ yín, mà. Ó ti di ẹrù rẹ̀ láti máa bọ̀. Ọlọ́run kò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo dá a dúró.